Revolver Àlòkù Ní Amẹ́ríkà: Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Èyí Tó Dára Rà Nígbà Tí Ọjà Ti Wọ́n

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní Texas tàbí Ohio lè rí Smith & Wesson Model 10 tí ọlọ́pàá ti lò, kó sì san owó tí kò tó $200 fún un. Lónìí, irú ìbọn kan náà ń lọ ní nǹkan bí $400 sí $600, èyí tó bá sì mọ́ tónítóní ń kọjá bẹ́ẹ̀. Revolver ni mò ń wí o, ìbọn ìléwọ́ tó ní sílíńdà tó ń yí, tó sábà máa ń gba ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston àti Maryland, tí òfin gbà láyè láti ní ìbọn, máa ń béèrè pé kí ló dé tí ohun tí ọlọ́pàá pàápàá ti pa tì fi wọ́n tó báyìí.

Orísun rẹ̀ ló gbẹ. Títí di àwọn ọdún 1980, revolver ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìjà ìbọn tó wáyé ní Miami lóṣù Kẹrin ọdún 1986, níbi tí òṣìṣẹ́ FBI méjì ti kú, àwọn iléeṣẹ́ ọlọ́pàá túbọ̀ ń yí sí ìbọn tí àpò ọta rẹ̀ wà nínú èèkù. New York gba tirẹ̀ wọlé ní 1993, àmọ́ àwọn àgbà ọlọ́pàá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà kò fi revolver wọn sílẹ̀ tán títí di 2018. Bí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń pààrọ̀ ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún revolver ń ya wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló jẹ́ kí wọ́n pọ̀ nígbà yẹn. Èyí tó kù ní àká báyìí kò tó nǹkan.

Iléeṣẹ́ ìbọn Colt náà dá kún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe revolver wọn tó ń jẹ́ Python ní 1955, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró pátápátá ní nǹkan bí 2005. Láti 2010, eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tó gbajúmọ̀ gan-an gbé Python sọ́wọ́ akọni rẹ̀, ni olówó bá ń wá a kiri. Python àtijọ́ tó mọ́ ń lọ ní $2,500 sókè. Nígbà tí Colt tún padà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 2020, $1,499 ni wọ́n kọ sí i lára. Ọdún yẹn kan náà ni àrùn Kòrónà dé. Àyẹ̀wò tí FBI ń ṣe lórí àwọn tó fẹ́ ra ìbọn fò láti nǹkan bí mílíọ̀nù 28.4 ní 2019 sí mílíọ̀nù 39.7. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ló ń di ọjà, ṣùgbọ́n pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ṣófo, owó sì gòkè, kò sì sọ̀ padà dé ibi tó ti gbéra. Ẹ tún fi íntánẹ́ẹ̀tì kún un: opó tó jókòó sí ìgbèríko Kentucky lè tẹ orúkọ ìbọn olóògbé sórí fóònù, kó sì rí iye tí wọ́n ta irú rẹ̀ ní Dallas lánàá.

Síbẹ̀, ọjà tó dára ṣì wà. Orúkọ àti ẹwà ló ń gbé owó revolver sókè jù, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́pàá lè gbé ìbọn fún ogún ọdún kó má yìn ín ju ìgbà ìdánwò ọdọọdún lọ. Àpò ìbọn á ti bó àwọ̀ aró ẹnu ìbọn àti etí sílíńdà, èèkù á ti ha, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ṣì le dán-in. Irú ìbọn tí ojú rẹ̀ ti ṣá tí inú rẹ̀ ṣì le yìí ni kí ẹ máa wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Òfin ṣáájú owó

Ẹni tó ní green card tàbí tó ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè ra ìbọn bí kò bá ní ẹ̀ṣẹ̀ tó dí i lọ́nà. Ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, ìbáà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti ìbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè, àfi ìwọ̀nba àwọn kan bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tí físà rẹ̀ ti kú, kó má tilẹ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Lọ́dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21 kí ẹ tó ra ìbọn ìléwọ́. Ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù 4473, wọn á sì yẹ orúkọ yín wò. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè nípa igbó mímu, kódà ní ìpínlẹ̀ tí igbó kì í ti í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ orí fọ́ọ̀mù yìí ń ránni lẹ́wọ̀n.

Àbúrò kan lè bẹ̀ yín pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ra kan, màá fún yín lówó." Ẹ má gbà, bó ti wù kí àbúrò náà ṣe jẹ́jẹ́ tó. Láti 2022, ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ ra ìbọn fún ẹlòmíràn, pàápàá ẹni tí òfin dí lọ́nà, lè fi ẹ̀wọ̀n tó gùn tó ọdún 15 jura.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀. Ní Maryland, ẹ ó gba ìwé àṣẹ kan, ẹ ó gba ẹ̀kọ́, ẹ ó tẹ̀ka, kí ẹ tó lè ra ìbọn ìléwọ́ rárá. Texas kò béèrè irú rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ tí ẹ bá rí rà ní ìpínlẹ̀ mìíràn kò gbọ́dọ̀ bá yín wálé tààrà. Oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ tiyín ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ lẹ ó ti kọ fọ́ọ̀mù.

Kí ẹ má sì dábàá àtikó o mọ́ ẹrù lọ sílé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka revolver mọ́ àwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Rìsíìtì Houston kì í ṣe nǹkan kan ní pápákọ̀ òfurufú Múrítàlá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Fún ilé àti fún pápá ìyìnbọn, revolver tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́rin, tó ń jẹ ọta .38 Special tàbí .357 Magnum, ló rọrùn jù. Èyí tó ń jẹ .357 á jẹ .38 pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n ṣe fún .38 nìkan kò gbọ́dọ̀ jẹ .357 láé.

Smith & Wesson Model 10 ti wà lábẹ́ orúkọ kan tàbí òmíràn láti 1899, wọ́n sì ti ṣe nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà rẹ̀. Pípọ̀ tó pọ̀ ló jẹ́ kó ṣì ṣeé rà. Àbúrò rẹ̀, Model 64, jẹ́ irin funfun tí kì í tètè dípẹtà. Ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n àti iléeṣẹ́ aláàbò lò ó gan-an. Àwọn olùkójọ ìbọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí i nítorí kò ní àwọ̀ aró tó ń dán. Bó bá jẹ́ èmi ni, Model 64 ni mo máa kọ́kọ́ béèrè.

Model 19 ti Smith náà rẹwà, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ ìdí ọ̀pá ìbọn rẹ̀, níbi tí ọta ti ń wọlé, tín-ín-rín. Àwọn ọta .357 gbígbóná tí orí wọn jẹ́ grain 125 (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo orí ọta) ti là á fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹ bá rà á, .38 ni kẹ́ ẹ máa fi bọ́ ọ. Security-Six ti iléeṣẹ́ Ruger, tí wọ́n ṣe láti 1972 sí 1988, kò lẹ́wà tó Smith, ṣùgbọ́n ó lágbára. Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ṣòro rí, nítorí náà ẹ má ra èyí tó ti ń ṣàìsàn. GP100 tó gbapò rẹ̀ wúwo, kì í sì í tètè bàjẹ́.

Brazil ni iléeṣẹ́ ìbọn Taurus àti Rossi ti wá. Ìpínlẹ̀ Rio Grande do Sul ni Taurus ti bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Owó wọn sábà máa ń kéré sí ti Smith tó bá wọn dọ́gba dáadáa. Àwọn kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn pátápátá, mi ò sí lára wọn: èyí tó dára nínú wọn dára, èyí tí kò dára kò dára rárá, àyẹ̀wò ìgbésẹ̀ kẹrin ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn kékeré tó ń wọ àpò ṣòkòtò wà nílẹ̀ jáǹtìrẹrẹ, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Ènìyàn á rà á nítorí pé ó fúyẹ́, á yìn ín nígbà díẹ̀, ọwọ́ á ro ó, á sì dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lè rí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun, àmọ́ ọwọ́ á ro ẹ̀yin náà.

Láti nǹkan bí 2001 ni Smith & Wesson ti ń fi ihò kọ́kọ́rọ́ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ òsì ọ̀pọ̀ revolver wọn. Àwọn ògbólógbòó kórìíra ihò yìí débi pé wọ́n ń sanwó lé èyí tí kò ní i. Ẹni tó fẹ́ ìbọn tó ń ṣiṣẹ́ lè jẹ àǹfààní ìkórìíra wọn.

Ẹ̀tàn kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ. Ọta .38 S&W kì í ṣe .38 Special, èyí àkọ́kọ́ kúrú, ó sì sanra jù ú lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Smith & Wesson ṣe ọ̀pọ̀ revolver .38 S&W fún Bìrìtìkó. Lẹ́yìn ogun, àwọn kan gbẹ́ ihò ọta inú sílíńdà wọn jinlẹ̀ kí ó lè gba .38 Special. Kóró ọta, ìyẹn ìkarahun rẹ̀ tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyìn, máa ń wú, tàbí kó là, nínú irú wọn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ibi tí ẹ ó wá a sí

Àpótí gíláàsì àwọn àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ẹ lè fọwọ́ kan ọjà kí owó tó jáde. Ẹ bá ẹni tó ń tà á dọ̀rẹ́, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ sọ irú ohun tí ẹ ń wá. Ọ̀pọ̀ ìbọn dáadáa kì í dé inú gíláàsì, orí fóònù ló ti ń tà.

Pawnshop, níbi tí wọ́n ti ń gba nǹkan ẹni dógò, yẹ ní yíyà wò. Ẹni tó wà nídìí ọjà níbẹ̀ lè mọ owó góòlù àti tẹlifíṣọ̀n ju owó revolver lọ. Nígbà mìíràn á pe owó tó ga gegere, nígbà mìíràn á pe owó pọ́ọ́kú. Gbàǹjo ẹrù olóògbé náà dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye tí onígbàǹjo ń fi lé owó tí ẹ bá pè. Ó lè jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì ń ba ìṣirò ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́.

Lórí GunBroker, ìkànnì gbàǹjo ìbọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí ẹni tó ń tà kọ síbẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọjà tó ti parí sí, kí ẹ wo iye tí ènìyàn san ní tòótọ́ fún ìbọn kan náà, ọ̀pá gígùn kan náà, ipò kan náà. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ fi sápò. Ìwé yẹn ló máa bá yín nájà.

Bó bá jẹ́ ìbọn àtijọ́ lẹ fẹ́ràn, ìwé àṣẹ olùkójọ kan wà tí ìjọba àpapọ̀ ń fúnni ní $30 fún ọdún mẹ́ta. Ó ń jẹ́ kí ìbọn tó ti pé 50 ọdún, tí wọn kò yí padà kúrò ní bó ṣe jáde nílé iṣẹ́, wá bá yín délé láìgba ọwọ́ oníṣòwò, bí òfin ìpínlẹ̀ yín kò bá kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ Model 10 àti Model 19 ti wọ ọjọ́ orí yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Àyẹ̀wò

Ibí ni owó wà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré dání, àti feeler gauge, àwọn irin pẹlẹbẹ tí mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo púlọ́ọ̀gì, pẹ̀lú ọta irọ́ tí kò ní ẹ̀tù. Ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ ṣí sílíńdà, ẹ wo gbogbo ihò rẹ̀, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta níbẹ̀, kí ẹ sì tún un wò. Bó bá gbà, ẹ fi ọta irọ́ sí i kí ẹ tó fa tírígà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí síkúrù. Bí ẹnu síkúrù bá ti jẹ, ẹnìkan tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ti tú u wò, ó sì ṣeé ṣe kó ti gbẹ́ nǹkan nínú rẹ̀ kí tírígà lè fúyẹ́. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lára irin: bí etí wọn bá ti yí kúrú, tí igun ìbọn kò mú mọ́, wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán an, wọ́n sì tún aró rẹ. Ìbọn bẹ́ẹ̀ lè máa dán ju ìbọn ọlọ́pàá lọ, kó má sì níye lórí tó o. Bí ẹni ń ra mọ́tò tòkúnbọ̀ ni, ọ̀dà tuntun yẹ kó fu yín lára. Bí nọ́ńbà ìdánimọ̀ bá ti ní ìfá tàbí tí wọ́n ti pa á rẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jáde. Ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni kí ó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀pá ìbọn. Ìdọ̀tí àti òjé ṣeé fọ̀. Ihò ìpẹtà kò ṣeé fọ̀. Òrùka dúdú kan ṣoṣo tó yí inú ọ̀pá ká sábà máa ń túmọ̀ sí pé ọta há síbẹ̀ rí, wọ́n sì tún yin òmíràn tì í, tí irin fi wú. Ẹ fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀. Ẹ wo ìdí ọ̀pá náà, ibi tó kọjú sí sílíńdà, bóyá ó ti sán. Lókè ibẹ̀, iná lè ti gé ìlà tín-ín-rín sára irin orí ìbọn. Ìyẹn kì í sábà pa ìbọn lára, ó máa ń dúró fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ń sọ fún yín pé wọ́n ti yin ọta gbígbóná púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ pa sílíńdà dé, kí ẹ fi feeler gauge wọn àlàfo àárín òun àti ọ̀pá. Láti ínǹṣì .004 sí .008 dára. Tó bá dé .010, ó ṣì ṣeé gbà. Tó bá ti kọjá .012, iná àti òjé á máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ti sílíńdà síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn. Bó bá ń rìn, alágbẹ̀dẹ ìbọn lè fi ìwọ̀nba irin pẹlẹbẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san.

Èyí tó ń bọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ kan ra sílíńdà díẹ̀ bí ẹni ń dá a dúró, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa hámà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ìdè kékeré tó wà nísàlẹ̀ sílíńdà gbọ́dọ̀ bọ́ sínú kòtò rẹ̀ pẹ̀lú ìró ṣákálá kí hámà tó dé ibi tó ti máa dúró, tàbí pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí hámà bá ti dúró, tí sílíńdà kò tíì bọ́ sílé, ihò ọta àti ọ̀pá ìbọn kò kọjú síra wọn dáadáa. Ẹ ṣe é fún gbogbo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí pé ọ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára Colt àtijọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì ti ń dínkù.

Ẹ tẹ tírígà mọ́lẹ̀ pátápátá lẹ́yìn tí hámà bá ti wálẹ̀, ẹ má tíì jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ mi sílíńdà. Ti Smith àti Ruger lè mì díẹ̀, kò burú. Colt àtijọ́ kò yẹ kó mì rárá. Ẹ tún fa hámà sẹ́yìn títí yóò fi dúró, kí ẹ fi àtàǹpàkò tì í síwájú pẹ̀lú agbára díẹ̀. Bó bá já wálẹ̀ láìfa tírígà, ìbọn náà léwu, ẹ̀dínwó kankan ò lè tún un ṣe.

Ní ìparí, ẹ ṣí sílíńdà, ẹ yí i, ẹ wo ọ̀pá kékeré tó ń ti kóró ọta jáde. Bó bá ń jó, ó ti tẹ̀. Bí sílíńdà kò bá padé wẹ́rẹ́, ẹnìkan ti ń jù ú pa dé bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú fíìmù, apá tó gbé e dání ti wọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìṣirò àti ìnájà

Ẹ má fi owó orí ìkànnì wé owó ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lásán. Ká ní ìbọn kan jẹ́ $430 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi $35 gbé e wá, ẹ san $30 fún oníṣòwò tó bá yín gbà á, ó ti di $495, ẹ ò sì tíì fọwọ́ kàn án. Èyí tó jẹ́ $450 ní ṣọ́ọ̀bù Houston, pẹ̀lú owó orí ọjà 8.25%, jẹ́ nǹkan bí $487, ẹ sì ti mi sílíńdà rẹ̀ wò.

Ọjà Amẹ́ríkà kì í sábà gba ìnájà bíi tiwa, ṣùgbọ́n ìbọn àlòkù gbà á. Ẹ má bú ọjà o. Ẹ fi àléébù tí ẹ rí han ẹni tó ń tà á, ẹ fi iye tí wọ́n ta irú rẹ̀ hàn án lórí ìwé yín, kí ẹ pe iye kan, kí ẹ dákẹ́. Owó lọ́wọ́ ń fa ẹ̀dínwó, torí báǹkì ń gé nínú owó káàdì. Bí kò bá lè dín owó kù, ẹ béèrè àpò ìbọn tàbí páálí ọta kan. Ìgbà ìdìbò ni ẹ̀rù máa ń mú kí ènìyàn sáré ra ìbọn, nítorí náà ẹ ra tiyín nígbà tí ariwo bá ti rọlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó

Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ìbọn lára, pàápàá bó bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan lásán lẹ ti rà á ní ìpínlẹ̀ tó gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù fi ń gba ọjà padà. Àwọn kan ń fúnni ní ọjọ́ mẹ́ta, àwọn kan kì í fúnni ní ìkankan. Ẹ ra àpótí irin tó ń tì kí ìbọn tó wọlé, bí ọmọdé bá sì ń wá kí yín pẹ́nrẹ́n, kò sí àwáwí.

Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ tú èèkù rẹ̀, torí ìpẹtà tí òógùn fà máa ń sá sábẹ́ ibẹ̀. Kí ọjọ́ ìdápadà tó pé, ẹ gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn, ẹ fi awò bo ojú, ẹ dí etí. Ẹ fi .38 lásán yin ihò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì máa wo kóró tó jáde: ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ìbọn gún gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn ìdí rẹ̀. Bó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ní òjé ń ta sí òun lára, ẹ kó kóró náà pọ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, ẹ gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà gan-an.